Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Bẹ́là Ń Dúró Dè

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Chadwell Heath, tí ẹ forí lé apá Whalebone, ẹ ó rí ilé alájà kan tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́, tí àwọn èèyàn máa ń so kẹ̀kẹ́ àti aṣọ tútù mọ́ bálíkónì rẹ̀. Ẹ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà. Lójú yín, fúláàtì lásán ni. Èmi ò lè wò ó mọ́. Tí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ńṣe ni mo máa ń yíjú sí òdìkejì, kí n má baà máa dá sọ̀rọ̀, kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rò pé màmá yìí ti ń ṣarán.

Sínágọ́gù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ìjọsìn àwọn Júù. Èmi ni mò ń gbá a, èmi ni mò ń fọ ife, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mò ń tì í. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ní kí n sọ bí àdúgbò yìí ṣe rí kí àwọn òbí yín tó kó yín dé láti Peckham. Ó dáa, màá sọ ọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má retí pé inú òun á dùn tí mo bá sọ ọ́ tán. Mo ti kìlọ̀ o.

Kò sí reluwé aláwọ̀ àlùkò tí ẹ fi ń fò lọ sí Stratford nígbà náà. Èyí tó wà máa ń dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ní High Road, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta èlùbọ́ tàbí ata rodo. Tí iṣu bá wù wá jẹ, Peckham la ń padà lọ rà á, a ó wá gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ọmọ tuntun, àwọn òyìnbó á máa wò wá. Lónìí, ẹ ń rí iṣu níwájú ìta ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ń kọsẹ̀ lára rẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ dúpẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń dùn jù ní sínágọ́gù yẹn. Mo máa ń débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, màá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, màá to ife, màá gbé kẹ́tùlù ńlá kaná. Torí pé tí oòrùn bá ti wọ̀, ìsinmi wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iná mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì gbọ́dọ̀ rán mi pé kí n bá wọn tàn án. Bàbá kan á kàn rọra wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, “Hùn. Àbí ojú mi ni ò ríran dáadáa mọ́ ni?” Èmi náà á ṣe bíi pé mi ò gbọ́, màá rìn lọ tan iná bí ẹni pé ó kàn wù mí ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ eré yẹn í ṣe. Oṣù àkọ́kọ́, bàbá kan sọ fún mi pé ojú òun ò ríran, mo bá a káàánú, mo ní màá rántí rẹ̀ nínú àdúrà. A jọ dúró sínú òkùnkùn.

Wọn kì í gbàdúrà bíi tiwa. Tiwa, bí a bá bẹ̀rẹ̀, ará Romford á gbọ́. Tiwọn, kálukú ń kùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi tó dúró sí, ẹnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojú ìwé, ni gbogbo wọn á bá ṣàdéédéé pàdé níbì kan, wọ́n á sì gbé ohùn sókè pa pọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn bàbá méjì kan wà tí wọ́n máa ń jà nítorí fèrèsé. Ọ̀kan á ṣí i, ọ̀kan á tì í, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ka àdúrà lọ, wọn ò ní dáwọ́ dúró. Nígbà àjọ̀dún àgọ́, wọ́n á kọ́ àtíbàbà sínú ọgbà, wọ́n á fi ẹ̀ka igi bò ó, wọ́n á máa jẹun lábẹ́ rẹ̀ nínú òtútù. Mo ní, ah, ẹ̀yin èèyàn yìí, a ní àtíbàbà nílé náà, ṣùgbọ́n oòrùn la fi ń sá fún.

Ibi tí mo ti mọ Bẹ́là ni ilé ìdáná. Òun ni olórí ibẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni bí ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀ nígbà yẹn, ètè rẹ̀ pupa fòò, ẹnu rẹ̀ ò sì í dákẹ́. Ilé ìtajà bàtà ní Romford ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibi ìfọbọ́ méjì ló wà nílé ìdáná yẹn, ọ̀kan fún abọ́ ẹran, ọ̀kan fún abọ́ wàrà, wọn kò gbọ́dọ̀ pàdé láéláé. Èyí wọ̀ mí létí. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé edé jẹ́ èèwọ̀. Mo wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò mi tí edé kún fọ́fọ́, mo dà á sínú ìkòkò wọn, mo gbé e kaná. Bẹ́là wọlé, ó gbóòórùn, ó ṣí ìkòkò, ó wo edé, edé náà ń wò ó. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Rábì wọn ní láti wá se ìkòkò náà nínú omi gbígbóná, ó wọ épírọ́ọ̀nù, kò sì bínú. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti Bẹ́là di ọ̀rẹ́.

Bẹ́là ní ọkọ. Ẹ fetí sílẹ̀ síbí. Wọ́n ti pínyà ọjọ́ ti pẹ́. Kóòtù ìjọba ti tú wọn ká, onídàájọ́ ti fọwọ́ sí i, olúkúlùkù ti ń gbé ibi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn wọn, kóòtù ìjọba ò ka nǹkan kan. Àfi kí ọkọ fúnra rẹ̀ fún obìnrin náà ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Akọ̀wé ló máa fọwọ́ kọ ọ́ níwájú àwọn rábì, ọkọ á sì jù ú sí ọwọ́ ìyàwó. Tí kò bá fún un, ìyàwó rẹ̀ ló ṣì jẹ́. Bó lọ fẹ́ ọkùnrin mìíràn, àgbèrè ni, ọmọ tó bá sì bí fún ẹni yẹn, àbàwọ́n á wà lára ọmọ náà àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, wọn ò ní lè gbéyàwó láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè fipá gba ìwé náà lọ́wọ́ ọkọ. Ó gbọ́dọ̀ ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ọkùnrin yìí ò fún un. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́nì sì wà níbẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń tún aago ṣe. Ó fẹ́ràn Bẹ́là. Gbogbo ilé ìdáná mọ̀. Lẹ́nì á wọlé pé òun wá gba omi gbígbóná, ife tíì á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í dúró níbì kan ṣoṣo láwọn nìkan, wọ́n á rí i pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bẹ́là ṣì fẹ́ bímọ. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi nígbà tí a bá ń nu abọ́, á sọ ọ́ bí àwàdà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan, ohun kan náà tí mo mọ̀ pé Tèmí tó jókòó síwájú mi yìí fẹ́ bi mí báyìí, mo ń wo ẹnu rẹ̀.

“Grandma, ṣé kò lè just lọ registry ni? Kí ló kàn wọ́n?”

Ẹ wò ó, àbí mi ò sọ? Mo bi Bẹ́là bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo lè lọ. Àmọ́ èmi ni mo máa wá wà níta. Láti kékeré, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ti parí. Ibo ni màá wà lọ́jọ́ Jímọ̀?” Mi ò bi í mọ́.

Àwọn rábì bẹ ọkọ Bẹ́là. Wọ́n ránṣẹ́ pè é títí, kò lọ. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ wọn ní àárín London sọ pé ó tó. Wọ́n yọ ọ́ kúrò láwùjọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní sínágọ́gù, mo wà lẹ́yìn, mò ń to àga. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí i, kí ẹnikẹ́ni má bá a jẹun, kí wọ́n má bá a ra, kí wọ́n má bá a tà. Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ka òun mọ́ ọn. Títí tó fi máa fún obìnrin yìí ní ìwé rẹ̀. Ẹ má rò pé inú wọn dùn sí i. Ọkùnrin tí wọ́n ń lé yẹn ló fi aṣọ tuntun bo gbogbo ìjókòó tí wọ́n jókòó lé, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé, tó bá rí i ní High Road, á fo títì sí òdìkejì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ ètùtù, ọjọ́ tí gbogbo wọn ń gbààwẹ̀, ó wọlé wá jókòó, àwọn tó wà lórí ìlà ìjókòó yẹn sì dìde kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku òun nìkan. Nígbà tí wọ́n fun ìwo àgbò pé ààwẹ̀ ti parí, gbogbo èèyàn ń di ara wọn mú, ń kí ara wọn. Ó kọjá níwájú mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Kí n rí àgbàlagbà, kí n má kí i? Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó rántí. Mo wá ṣe bíi pé mò ń ṣa nǹkan nílẹ̀.

Èmi fúnra mi lọ bá a nílé. Bẹ́là ò mọ̀. Yàrá kan ló ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí a ṣe ń bẹ èèyàn nílé. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú ni.

Ó ní, “Ṣé kí n pe ọkọ̀ aláìsàn?”

Mo ní, “Ara mi yá. Mò ń bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Bẹ́là ní ìwé rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ lórí obìnrin.”

Ó jókòó. Kì í ṣe èèyàn burúkú lójú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ó wá ní, “Tí mo bá fún un, kí ló kù tó tún máa fẹ́ lọ́wọ́ mi?”

Mo dìde, mo lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìyà ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn dé, ó ránṣẹ́ sí rábì. Ó ní òun ti gbà. Wọ́n dá ọjọ́ Tọ́sìdeè. Wọ́n wá akọ̀wé, wọ́n wá àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ ò rí Bẹ́là lọ́sẹ̀ yẹn! Ó ra fìlà aláwọ̀ ewé kan. Ó ń kọ́ mi bí òun ṣe máa gba ìwé náà: á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀, kò gbọ́dọ̀ já a gbà, wọ́n á sọ ọ́ sí i, á pa ọwọ́ dé, á gbé e sókè, á sì rìn lọ díẹ̀ láti fi hàn pé òun ti gbà á, òun ti di ẹni ara rẹ̀. Lẹ́nì ń túnra ṣe bí ọmọ ogún ọdún. Mo gbààwẹ̀ fún un ní tèmi.

Ọjọ́ Sunday tó ṣáájú Tọ́sìdeè yẹn, mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìgbà yẹn, gbọ̀ngàn kan la yá lórí High Road, kí a tó ní ilé tiwa. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo rí fìlà dúdú kékeré kan láàárín aṣọ funfun wa, níwájú pátápátá, lórí àga àwọn àlejò pàtàkì. Ọkọ Bẹ́là ni.

Brọ́dà Káyọ̀dé, tó ń bójú tó ẹnu ọ̀nà, ló rí i ní ibùdókọ̀ tó ń sunkún. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa máa ṣe. Ó ní, “Daddy, ẹ wọlé, òtútù ń mú.” Ó fún un ní tíì. Nígbà tí Wòlíì wa wá bi í pé ibo ló ti wá, tó sọ pé Júù ni òun, ṣọ́ọ̀ṣì ru! Ọmọ Ísírẹ́lì tòótọ́, ọmọ Ábúráhámù gan-an, láàárín wa, ní Chadwell Heath! Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe rí. A ti ń pe orúkọ Ísírẹ́lì láti kékeré, a ò rí ọ̀kan rí nítòsí. Wọ́n ní kó ka Sáàmù kan fún wa ní èdè àwọn baba rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń tijú. Ó wá dìde, ó kà á láìwo ìwé. Ohùn rẹ̀ dára. Àwọn ìyá ń sunkún, àwọn míì ń dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bu ìrẹsì fún un, wọ́n yí i ká, wọ́n ń fẹ́ kó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ àwọn. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni.

“Grandma, wait. Ṣé Bàbá Mọ́rísì lẹ ń sọ? Bàbá Mọ́rísì wa?”

Òun ni. Bàbá Mọ́rísì yín tó ń fún yín ní tọ́fì, tó fi aṣọ aláwọ̀ àlùkò bo gbogbo àga ṣọ́ọ̀ṣì láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Tọ́sìdeè dé. Bẹ́là dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Èmi ni mo bá a lọ, torí kò ní ìyá mọ́. Akọ̀wé wà níbẹ̀, kálámù ìyẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì. A jókòó. Wọ́n fún wa ní tíì. A jókòó títí wọ́n fi ń tan iná ìta. Rábì tẹ ọkọ Bẹ́là láago, ọkùnrin náà gbé e, ó ní òun ti tún èrò òun pa. Kò ṣàlàyé. Bẹ́là ṣí fìlà, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo tọ Wòlíì lọ. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, mo ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kó wọlé mọ́ títí ó fi máa ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn ní lọ́wọ́ nìyẹn, pé kò sí ibòmíì tí ọkùnrin yìí lè lọ.”

Wòlíì gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ta ló lé àwọn bàbá wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó torí pé wọ́n ń fi ohùn òkè gbàdúrà? Wọ́n lé wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ohun tó bí ìjọ yìí nìyẹn. Ṣé àwa náà la ó wá máa lé èèyàn síta?”

Mo ní, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, sà. Torí ìyàwó rẹ̀ ni.”

Ó ní, “Ẹ̀yin náà pè é ní ìyàwó rẹ̀. Ṣé Wòlíì lẹ fẹ́ kó bá wọn tú ìgbéyàwó ká?”

Ohun tí Wòlíì sọ dára. Ohun tí àwọn rábì ṣe náà dára. Láàárín ohun dáadáa méjèèjì ni wọ́n ti lọ ọ̀rẹ́ mi lúúlúú.

Bẹ́là bi mí ní ilé ìdáná pé, “Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Ó ti sanra.” Mi ò lè purọ́. Mo ní, “Àwọn èèyàn mi ni.” Ó ní ṣé wọ́n mọ̀? Mo ní mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní ilẹ̀kùn wọn ṣí fún gbogbo èèyàn. Ó fọ ife méjì mẹ́ta. Ó ní, “Àbí bó ṣe yẹ kí ilé Ọlọ́run rí kọ́ nìyẹn?” Kò fìgbà kan bínú sí mi. Ì bá bínú, ara ì bá tù mí.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn rábì ò gbé ìkéde wọn kúrò, ṣùgbọ́n kò já mọ́ nǹkan kan. Tí ẹnì kan ò bá kí i ní High Road, àwọn ará wa mẹ́wàá á kí i, wọ́n á ní “Good morning, Daddy!” Nígbà tí ó ṣàìsàn ọkàn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń pín ara wọn láti gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n á gbé e síwájú pẹpẹ, wọ́n á gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe Àmín sí ẹ̀mí gígùn. Bẹ́ẹ̀ ni tí ọkùnrin yìí bá kú, Bẹ́là di opó, ó lè fẹ́ ẹni tó wù ú. Ikú rẹ̀ nìkan ló tún kù tó lè tú u sílẹ̀. Gbogbo ìjọ ń ké Àmín, èmi á pa ẹnu mọ́, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ohun tó wà lọ́kàn mi jì mí.

Lẹ́nì dúró. Ó dúró ju bí ọkùnrin ti í dúró lọ. Bẹ́là gan-an ló ní kó máa lọ. Ìgbà yẹn, ọmọ bíbí ti kọjá lára rẹ̀. Lẹ́nì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Manchester, ó sì fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀. Ó pè mí kó tó lọ, ó ní kí n máa bá òun wò ó. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Bẹ́là ò tún fi ìlẹ̀kùn ilé ìdáná yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn ọmọ wọn kó lọ sí ibi tí ilé ti tóbi. Àwọn bàbá ń kú. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jà nítorí fèrèsé kú, ìkejì jókòó ti fèrèsé náà, kò ṣí i, kò tì í. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa ka ara wọn, wọn ò ní pé mẹ́wàá. Bàbá Mọ́rísì wà ní High Road, níbi tí kò jìn rárá, òun ni ì bá mú kí iye náà pé, àmọ́ wọn ò lè pè é. Wọ́n á kó ìwé wọn, wọ́n á lọ sílé láìgbàdúrà pọ̀. Iná kékeré kan wà níwájú àpótí ìwé mímọ́ wọn, ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ fún mi pé kí n má ṣe pa á láé. Ọjọ́ tí wọ́n ta ilé náà, wọ́n dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè nawọ́. Bẹ́là ló ní, “Ẹ bá wa ṣe é.” Mo pa á. Wọ́n wá kọ́ fúláàtì.

Bẹ́là dá gbé nílé rẹ̀ títí àárẹ̀ fi dé. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Marks Gate níbí lọ bá a, títí orúnkún mi fi kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ní ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i, ó bi mí pé, “Ṣé ó ṣì wà?” Mo ní, “Ó wà.” Ó ní, “Ara rẹ̀ le?” Mo ní, “Ara rẹ̀ le.” Ó yí ojú sí ògiri. Oṣù tó kọjá ló kú. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, èèyàn díẹ̀ la jẹ́ níbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lára àwọn ẹbí wọn pe ọkùnrin náà.

Ó wá di Sunday tó kọjá. Gbogbo yín wà níbẹ̀. Wòlíì pe Bàbá Mọ́rísì síwájú, ó ní bàbá wa ti pàdánù ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ìjọ ń mí ìmí ẹ̀dùn, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Daddy.” Káyọ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ mú, torí ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, wọ́n gbé makirofóònù sí i lẹ́nu. Ó ń sunkún, ẹkún náà sì jẹ́ òótọ́. Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ mi torí rẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi ló jẹ́ títí tó fi kú.”

Káyọ̀dé túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ṣọ́ọ̀ṣì ké Halelúyà. Wòlíì ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dìde, kí ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ń jẹ́. Mo jókòó sórí àga mi, mo wo apá ibi tí ẹ wà. Gbogbo yín lẹ ti dìde, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́.